Orúkọ Dr. Dre Lórí Etí Ọmọ Wa: Èló Ni Ó Yẹ Kí Á San?

Kò sí ìgbà tí àwa òbí pàdé nínú ẹgbẹ́ yìí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí tí ọ̀rọ̀ hẹ́dífóònù kì í jẹ yọ kí a tó túká. Ẹ̀rọ tí à ń wí náà ni èyí tí àwọn ọmọ ń dé sórí bí adé, tó bo etí méjèèjì bámúbámú, tí wọn kì í fẹ́ bọ́ bí oúnjẹ bá tilẹ̀ délẹ̀. Bí ó bá jẹ́ hẹ́dífóònù lásán ni, kò lẹ́jọ́ nínú. Ṣùgbọ́n èyí tó ní lẹ́tà b kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń fẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Beats, tí Dr. Dre, gbajúgbajà olórin ràápù ọmọ ìlú Compton ní Kalifóníà, fi orúkọ ara rẹ̀ sọ. Oríṣi rẹ̀ kan, Studio Pro, jáde ní oṣù Keje ọdún 2023, wọ́n sì kọ 349.99 dọ́là sí i lára. Àwọn ìyá ní owó oúnjẹ ilé ni wọ́n fẹ́ fi dé orí yẹn. Àwọn bàbá ní àwọn kò tíì ra bàtà tó tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ọmọ ní gbogbo ẹgbẹ́ àwọn ló ní i.

Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ìṣirò owó ni a fi ń jẹun, tí ó sì jẹ́ pé òun náà ni a wá kà ní ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n ní kí a wá sọ èrò wa nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́. A kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ o. Ohun tí a mọ̀ ni bí a ṣe ń tú owó ọjà palẹ̀ títí a ó fi mọ ibi tí kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan gbà lọ. Kí ọ̀rọ̀ má baà falẹ̀, ẹ jẹ́ kí á gbé ìdájọ́ wa síwájú ẹ̀rí: ọjà náà kì í ṣe ọjà burúkú, ṣùgbọ́n 349.99 dọ́là kì í ṣe owó rẹ̀. Iye tí wọ́n pè é ni. Ẹni tó bá ti ra aṣọ ní Gbági ní Ìbàdàn rí mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye tí wọ́n pe ọjà àti iye tí wọ́n tà á.

Ọdún 2006 ni Dr. Dre àti Jimmy Iovine, tí òun jẹ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ agbórinjáde, dá Beats sílẹ̀. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé bàtà ni àwọn kan fẹ́ kí Dre fi orúkọ rẹ̀ polówó, ni Iovine bá ní kí ó fi bàtà sílẹ̀, kí àwọn kúkú ta ohun tí ń gbé orin jáde, nítorí orin ni iṣẹ́ tí àwọn mọ̀. Wọ́n gbé ṣíṣe rẹ̀ lé Monster lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ mọ wáyà ẹ̀rọ orin, hẹ́dífóònù àkọ́kọ́ sì dé ọjà ní 2008. Ní 2011, HTC, àwọn aṣe-fóònù ará Taiwan, san bí 300 mílíọ̀nù dọ́là fún ìdajì ilé-iṣẹ́ náà àti díẹ̀ lé. Kò tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi tà á padà tán. Ní 2012, nínú gbogbo hẹ́dífóònù olówó tó ju 100 dọ́là lọ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, Beats nìkan kó ju ìdajì lọ. Nígbà tí ó di oṣù Karùn-ún ọdún 2014, Apple kéde pé àwọn yóò ra gbogbo rẹ̀, àti iṣẹ́ orin orí íntánẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ní 3 bílíọ̀nù dọ́là.

Ibi tí a fẹ́ kí òbí wò nínú ìtàn yìí nìyí. Àṣà tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé kí gbajúmọ̀ gba owó iṣẹ́, kí ó di ọṣẹ mú, kí ó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, kí ó máa lọ ilé rẹ̀. Dre kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òun gan-an ló ni ọjà. LeBron James, agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, náà gba ìpín nínú ilé-iṣẹ́ dípò owó ọ̀yà lásán, ìròyìn sì gbé e ní 2014 pé ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ nígbà tí Apple rà á ju 30 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Ó túmọ̀ sí pé ní gbogbo àkókò yẹn, ọmọ tó rí LeBron tó dé e sórí rò pé oníbàárà bíi tòun ni, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́jà ló ń wò. A kò fi èyí bú wọn. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀ràn yìí, òun ni ó wù wá jù, a sì fẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń bẹ̀bẹ̀ fún hẹ́dífóònù gbọ́ apá yìí dáadáa ju apá tó kù lọ.

Ìpolówó wọn kò jọ ìpolówó. Ní 2008, kí ìdíje Òlíḿpíìkì Beijing tó bẹ̀rẹ̀, LeBron pín in fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dé e jáde níwájú kámẹ́rà gbogbo ayé. Ní London ní 2012, wọ́n fi èyí tó ní àwọ̀ àsíá Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ sí àwọn eléré-ìdárayá ilẹ̀ náà, láìjẹ́ pé wọ́n wà lára àwọn tó san owó ìgbọ̀wọ́ ìdíje. Ní ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2014, FIFA ní kí àwọn agbábọ́ọ̀lù má dé e wọ pápá nítorí Sony ló sanwó. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, àjọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà bu 10,000 dọ́là owó ìtanràn lé Colin Kaepernick nítorí pé ó gbé e kọ́ ọrùn níwájú àwọn oníròyìn, Bose ni wọ́n sì ti bá dá májẹ̀mú. Ẹ sọ fún wa, ọmọ ọdún 14 wo ni kò ní fẹ́ ohun tí àgbà fi òfin dè báyìí?

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á tú ẹrù náà palẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Bolt, tó ń dókòwò pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ, tú Beats Solo kan palẹ̀, èyí tí wọ́n ń tà ní 199 dọ́là. Wọ́n ka gbogbo ohun tí wọ́n bá nínú rẹ̀, wọ́n sì ní owó àwọn nǹkan náà kò ju bí 17 dọ́là lọ, láìka ọ̀yà òṣìṣẹ́ àti owó ọkọ̀. Ohun tó dá ariwo sílẹ̀ jù ni irin mẹ́rin kan tí wọ́n rí nínú rẹ̀. Irin yìí kó bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìwọ̀n gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ní kò sí iṣẹ́ gidi tó ń ṣe tí ike kò lè ṣe, àfi kí ẹ̀rọ lè wúwo lọ́wọ́. Ohun tó bá wúwo lọ́wọ́, ojúlówó ni ọkàn ń kà á sí. Àwọn tó ń ta góòlù ti mọ èyí ṣáájú àwọn ará Kalifóníà.

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Láìpẹ́, Bolt fúnra wọn tún jáde, wọ́n ní ayédèrú ni èyí tí àwọn tú. Wọ́n wá ojúlówó rà, wọ́n tú òun náà. Irin wà nínú tòun náà, ó tilẹ̀ pé mẹ́fà, owó ohun èlò inú rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 20 dọ́là.

Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n ní olè ni wọ́n: ohun 20 dọ́là ni wọ́n ń tà ní 199! Níhìn-ín ni iṣẹ́ wa kò ti ní jẹ́ kí a dákẹ́. Owó ohun èlò kọ́ ni owó ọjà. Bí a bá fi owó ẹ̀wà nìkan díwọ̀n àkàrà, kò sí alákàrà tí kò ní di olè, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà kò lọ ara rẹ̀, òróró kò sì gbóná fúnra rẹ̀. Ọ̀yà àwọn tó yàwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀, èrè ilé ìtajà, owó-orí, èyí tó bàjẹ́ tí wọ́n gbà padà, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí ọjà kan nínú ilé wa, ìbáà ṣe fóònù tàbí bàtà, tí a tú palẹ̀ lọ́nà yìí tí kò ní ṣe wá ní háà.

Ohun tó yà wá lẹ́nu nínú ìtàn Bolt kì í ṣe 17 tàbí 20. Ayédèrú yẹn ni. Àwọn tó jẹ́ pé títú ẹ̀rọ ni iṣẹ́ wọn mú un lọ́wọ́, wọ́n tú u dé ìdí, wọ́n kọ ìròyìn lé e lórí, wọn kò mọ̀ pé kì í ṣe òun. Ìyàtọ̀ ohun èlò inú ojúlówó àti ayédèrú kò ju bí 3 dọ́là lọ. Bí ìyàtọ̀ bá kéré tó bẹ́ẹ̀ nínú, a jẹ́ pé ara ni èyí tó pọ̀ nínú owó náà wà, níbi tí wọ́n kọ b sí.

Síbẹ̀, ẹ má yára. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ jẹ́ 150, orúkọ gbajúmọ̀ jẹ́ 200, ó di 350. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, wọ́n gbé Studio Pro jáde pẹ̀lú orúkọ Kim Kardashian, ní àwọ̀ tó jọ ti ara ènìyàn, funfun, pupa àti dúdú. Èló ni wọ́n pè é? 349.99 dọ́là, iye kan náà pẹ̀lú èyí tí kò ní orúkọ Kim. Ẹ tún wo Sony: WH-1000XM4 tiwọn, tó jáde ní 2020, 349.99 náà ni wọ́n pè é, gbajúmọ̀ kankan kò sì fi orúkọ sọ ọ́. Iye tí ọwọ́ oníbàárà lè ká ni gbogbo wọn kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn èyí ni oníkálukú wá pinnu ibi tí òun yóò náwó sí, bóyá sí pípa ariwo ìta, bóyá sí ohùn, bóyá sí fọ́tò LeBron. Nítorí náà, ìbéèrè pé èló ni wọ́n fi lé e nítorí orúkọ kì í ṣe ìbéèrè tó dára. Èyí tó dára ni pé nínú 350 tí mo san, èló ló dé etí mi?

Ẹnì kan wà tó gbìyànjú láti fi òṣùwọ̀n dá apá kan rẹ̀ lóhùn. Jeroen Breebaart, onímọ̀ nípa ohùn, tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 2017, lẹ́yìn tí wọ́n ti wọn hẹ́dífóònù 283, olówó gọbọi àti olówó pọ́ọ́kú. Ohun tí wọ́n wò ni bí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ti ń pín ohùn sí ìsàlẹ̀, àárín àti òkè. Kò sí ìbáṣepọ̀ kankan láàárín rẹ̀ àti owó. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé bí owó bá ti ga ni ohùn ń dára, nọ́ńbà kò gbè yín.

Èyí ló mú wa padà sí Gbági. Ní oṣù Kọkànlá ọdọọdún, nígbà tí àwọn ilé ìtajà Amẹ́ríkà ń pariwo ẹ̀dínwó, a ti rí Studio Pro tí owó rẹ̀ já wá sí bí ìdajì. Ilé ìtajà kò sunkún, Apple kò sì kọ́já sí gbèsè. Ọjà tó lè já sí ìdajì láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí ọlọ́jà sì ń rẹ́rìn-ín, pípè ni wọ́n pè é tẹ́lẹ̀. Ìyá wa tó ń ra àǹkárá mọ̀ pé bí wọ́n bá pè é ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni òun yóò kọ́kọ́ dá. Ṣùgbọ́n ìyá kan náà, bí ó bá wọ ilé ìtajà òyìnbó tí ó rí iye tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọjà lára, á dákẹ́, á san án, bí ẹni pé Ọlọ́run ló kọ ọ́. Òyìnbó náà ń ná ọjà. Dídúró di oṣù Kọkànlá ni tiwọn.

A kò tíì sọ̀rọ̀ ohùn, bẹ́ẹ̀ ohùn ni wọ́n ní àwọn ń tà. Àwọn Beats ìgbà àkọ́kọ́ ni gbogbo ayé mọ̀ mọ bẹ́ẹ̀sì, ohùn ìsàlẹ̀ tó ń dún kìì lọ sínú àyà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé e sókè ni. Fún orin ràápù, ó dùn. Orin tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ilé ijó ń fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi orin tiwa sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá sí i. Agídìgbo ló di ìsàlẹ̀ mú níbẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà lókè, àárín wọn ni gángan ti ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá gbé ìsàlẹ̀ sókè jù, agídìgbo á wú bíi gààrí tó mumi, á bo ọ̀rọ̀ gángan mọ́lẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á sì dà bí ẹni pé yàrá kejì ni wọ́n ti ń gbọ̀n ọ́n. Ẹ tún gbé Synchro System ti King Sunny Adé, tó jáde ní 1983. Gìtá tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọ̀nà tirẹ̀. Inú kí etí máa tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni adùn rẹ̀ wà. Lórí ẹ̀rọ tó kún fún bẹ́ẹ̀sì, gbogbo wọn á para pọ̀ di ẹyọ kan.

Kì í ṣe adùn nìkan la ń sọ. Ìlù wa kò ní fáwẹ̀lì, kò sì ní kọ́ńsónáǹtì. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni gbogbo ohun tó ní láti fi sọ̀rọ̀. Ẹni tó dàgbà sí Ìsẹ́yìn tàbí Òṣogbo, bí ohùn ìlù bá rú u lójú díẹ̀, á fi ohun tó ti gbọ́ láti kékeré dí i. Ọmọ tiwa tó ń ti inú orin kọ́ Yorùbá ní òkèèrè kò ní ohun tí yóò fi dí i. Ọmọ tí ọkọ̀, ọkọ́ àti ọkọ ṣì ń dàrú mọ́ lẹ́nu nílò ẹ̀rọ tí yóò fún un ní ohùn bí onílù ti lù ú, kì í ṣe bí Dre ti fẹ́ ẹ. Nínú gbogbo ohun tí a ní lọ́kàn nípa hẹ́dífóònù, èyí ló ká wa lára jù.

Kí a má parọ́ mọ́ ọlọ́jà ṣá: wọ́n ti yí padà. Studio Pro ti 2023 kì í ṣe ẹrú bẹ́ẹ̀sì bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jẹ́, gángan sì ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sony ní hẹ́dífóònù kan, MDR-7506, tó ti wà láti 1991, tí wọ́n ṣì ń tà di òní ní bí 100 dọ́là. Kò lẹ́wà. Wáyà rẹ̀ ká kókó bíi ti tẹlifóònù àtijọ́. Síbẹ̀, òun ni ẹ ó rí lórí àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ rédíò àti sinimá, nítorí pé bí ohun kan bá kù díẹ̀ káàtó nínú ohùn, ó ń tú u fó. Èyí tó tilẹ̀ dín owó ju bẹ́ẹ̀ lọ ni Porta Pro ti Koss, ọmọ 1984, tí kò ju bí 50 dọ́là lọ, tí ilé-iṣẹ́ náà sì ń ṣe onídùúró fún ẹni tó rà á ní Amẹ́ríkà títí ayé. Bí ọmọ yín bá dé e lọ ilé-ìwé, wọ́n lè bi í léèrè bóyá ti bàbá rẹ̀ ni. Àmọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀ bí a ti ń ṣe é ní ọ́fíìsì, kí a pín owó ohun-ìní sórí iye ọdún tí yóò lò. Bátìrì ló ń pa hẹ́dífóònù aláìníwáyà. Bí a ti ń gba iná sí i lemọ́lemọ́ ni agbára rẹ̀ ń dín, ọ̀pọ̀ wọn ni a sì fi gúlù lẹ̀ pa, tí ẹni tó rà á kò lè pààrọ̀ bátìrì fúnra rẹ̀. Ká ní ó lo ọdún 4: 350 sí ọ̀nà 4 jẹ́ 87 dọ́là àti díẹ̀ lọ́dún. Ká ní oníwáyà 100 dọ́là lo ọdún 10, tí a sì pààrọ̀ tìmùtìmù etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní 20 dọ́là: 140 sí ọ̀nà 10, dọ́là 14 lọ́dún. Ẹni tó bá fẹ́ kí á yí ọdún náà padà, kí ó yí i; kò sí bí yóò ti yí i tí 14 yóò fi di 87. Àwọn ará Yúróòpù ti ṣòfin tirẹ̀: láti oṣù Kejì 2027, bátìrì irú àwọn ẹ̀rọ báyìí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí oníbàárà lè yọ fúnra rẹ̀. Nínú ilé tiwa, hẹ́dífóònù olókìkí kan, tí a kò ní dárúkọ rẹ̀, kán ní ibi tó ti ń ká lẹ́yìn oṣù 14, ìdúró ọlọ́jà sì jẹ́ oṣù 12. Wọ́n ní kí a ra òmíràn.

Ohun méjì ni ẹ̀rọ 100 dọ́là yẹn kò lè ṣe. Èkíní, ọ̀pọ̀ fóònù òde-òní kò ní ihò wáyà mọ́, ẹ ó ní láti fi bí dọ́là 9 ra ohun tí ń so wọ́n pọ̀. Èyí kò tó nǹkan. Èkejì lágbára: kò lè pa ariwo ìta. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lójoojúmọ́, bí ariwo ọkọ̀ bá pọ̀, orin ni yóò máa yí sókè, tí yóò fi di pé etí ni ń jìyà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má gbọ́ ju désíbẹ̀lì 80 lọ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Ti ọmọdé jẹ́ 75. Ẹ̀rọ tó ń pa ariwo ìta, irú Studio Pro tàbí ti Sony tàbí ti Bose, ń jẹ́ kí ènìyàn lè gbọ́ orin ní ohùn pẹ̀lẹ́ nínú ọkọ̀. Bí ọmọ yín bá ń wọ ọkọ̀ ojú irin wákàtí méjì lóòjọ́, ẹ ní ìdí láti náwó. Bí ó bá jẹ́ pé inú yàrá rẹ̀ ló ti ń gbọ́ ọ, ariwo wo ló fẹ́ pa níbẹ̀, àfi tiwa tí à ń pè é pé kó wá fọ abọ́?

Àwọn àgbà kan nínú ẹgbẹ́ yóò ní a ti rọ̀ jù, pé orúkọ lásán ni, òfo ni. A bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n fi ọwọ́ kan agbádá tí wọ́n wọ̀. Léèsì tí à ń pè ní ti Austria, láti Lustenau àti agbègbè rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá láti bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, nínú wa sì ni ẹni tó ti ra aṣọ ẹbí fún òde ọjọ́ kan ṣoṣo ní iye tó ju hẹ́dífóònù méjì lọ. Ṣé nítorí òtútù ni a ṣe rà á ni? A rà á kí a lè dúró láàárín ẹgbẹ́. Ọmọ tí olùkọ́ kò lè pe orúkọ rẹ̀ ní àpètán, tí wọ́n ń bi léèrè lójoojúmọ́ ibi tó ti wá gan-an, bí ó bá ní òun fẹ́ ohun kan tí gbogbo kíláàsì mọ orúkọ rẹ̀ láì béèrè, a kò lè fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ìyàtọ̀ tí a rí níbẹ̀ ni pé léèsì kò ní bátìrì. Àbúrò lè wọ̀ ọ́, ọmọ àbúrò sì tún lè fi rán bùbá.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ b yẹn ni ọmọ ń fẹ́, nígbà náà kò sí ìdí tí a ó fi san owó pípa ariwo mọ́ ọn. Solo 4, tó jáde ní 2024, kò ní pípa ariwo rárá, 199.99 dọ́là ni wọ́n pè é, b ara rẹ̀ sì tóbi bíi ti Studio Pro. Solo Buds, tí ń wọ inú etí, jẹ́ 79.99. Gbogbo wọn náà ni owó wọn ń já ní oṣù Kọkànlá. Àwọn tó fẹ́ ohùn fún ọmọ tó ń kọ́ ìlù tàbí èdè, kí wọ́n lọ wo oníwáyà. Àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin, kí wọ́n fi Studio Pro wé Sony àti Bose lórí ara wọn nínú ilé ìtajà, kí wọ́n mú orin tí wọ́n mọ̀ dunjú lọ sínú fóònù wọn, nítorí orin tí ilé ìtajà máa ń fi sí i, èyí tó ń gbé ọjà tiwọn níyì ni. Fúnra wa, a kò ní san ju 200 lọ fún Studio Pro.

Ó ku àwọn ọmọ ọdún 17 tó ń ṣiṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, tó jẹ́ owó ara wọn ni wọ́n fẹ́ ná. A kò ní ẹjọ́ pẹ̀lú wọn. Kí wọ́n má ṣáà lọ rà á lọ́wọ́ ẹni tó gbé e sínú àpò lẹ́bàá ọ̀nà ní 60 dọ́là, kí wọ́n sì tọ́jú rìsíìtì, torí ọdún kan péré ni ìdúró ilé-iṣẹ́ náà lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.